Bí a ṣe ń ka ẹgbẹ́ òṣèlú: iṣẹ́ Rein Taagepera

Ní ọdún 1979, ẹgbẹ́ òṣèlú márùn-ún ló wọ Ilé Aṣojú-ṣòfin Nàìjíríà: NPN gba ìjókòó 168, UPN 111, NPP 78, PRP 49, GNPP 43. Bí a bá ní ẹgbẹ́ márùn-ún ni wọ́n, a ti ka GNPP àti NPN sí ọgba. Bí a bá sì yọ àwọn kéékèèké kúrò, ibo ni a ó ti dúró? Ọdún yẹn gan-an ni Rein Taagepera, ọmọ Estonia tó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì kó tó yà sí ìmọ̀ òṣèlú, àti Markku Laakso, ọmọ Finland, gbé ìṣirò kan jáde tó yanjú ọ̀ràn náà.

A ó sọ ìjókòó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ ní iye ara rẹ̀, ìyẹn 168 lọ́nà 168, 111 lọ́nà 111, títí dé orí GNPP, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ó jẹ́ 50,879. Àpapọ̀ ìjókòó náà, 449, tí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ bákan náà, jẹ́ 201,601. Bí a bá wá fi 50,879 pín in, 3.96 ni a ó rí: ìyẹn ni pé ilé náà dà bí èyí tí nǹkan bí ẹgbẹ́ mẹ́rin tó tó ara wọn wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá ló wúwo jù nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹgbẹ́ kékeré kò pòórá, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n rẹ̀ wà.

Ohun tó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ Taagepera ni pé ó ní kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó yẹ ká retí. Níbi tí ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan bá ti ń yan aṣòfin kan ṣoṣo, a ó wá nọ́ńbà tí mẹ́fà irú rẹ̀, bí a bá fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, yóò jẹ́ iye ìjókòó ilé náà; nọ́ńbà yẹn ni iye ẹgbẹ́ tó yẹ ká retí, bí a bá kà á lọ́nà ti òkè yìí. Fún 449, nǹkan bíi 2.77 ni. Nàìjíríà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí pé ẹgbẹ́ tó kéré káàkiri orílẹ̀-èdè lè jẹ́ ọ̀gá nílé: UPN nílẹ̀ Yorùbá, PRP ní Kánò, NPP nílẹ̀ Ìgbò àti Plateau, GNPP ní Borno. Irú àlàfo báyìí ni onímọ̀ ètò ìdìbò máa ń dúró lé lórí.

Ní 1992, Taagepera fúnra rẹ̀ díje fún ipò ààrẹ Estonia, ó sì ṣe ipò kẹta pẹ̀lú ìbò tó lé ní ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Arnold Rüütel ló ṣíwájú, ṣùgbọ́n nítorí pé ìbò rẹ̀ kò ju ìdajì lọ, òfin gbé yíyàn láàárín ẹni kìíní àti ẹni kejì fún ilé aṣòfin, àwọn aṣòfin sì mú Lennart Meri, tó ṣe ipò kejì.