Ibi tí òfin "gbọ́ tẹnu ọmọ kí o tó lé e" ti ṣẹ̀ wá

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ó pẹ́ kí òye yìí tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń lé ọmọ lọ sílé nítorí ìwà, aṣọ tàbí irun.

Ní December 1965, àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Des Moines so aṣọ dúdú mọ́ apá láti ṣọ̀fọ̀ àwọn tó ń kú lógun Vietnam. Wọ́n lé wọn lọ sílé. Ní 1969, adájọ́ 7 nínú 9 ní Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá wọn láre: ọmọ kì í bọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé ìdájọ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ gígùn síkẹ́ẹ̀tì tàbí irú irun kọ́ ni òun ń dá.

Ìdájọ́ tó wúlò jù fún ọmọ tí wọ́n mú nítorí yúnífọ́ọ̀mù jẹ́ òmíràn, kò sì mẹ́nu kan aṣọ. Lọ́dún 1971, ní Columbus, Ohio, wọ́n lé Dwight Lopez àti nǹkan bí ọmọ 75 mìíràn lọ́jọ́ kan náà, nítorí rúkèrúdò ní yàrá ìjẹun. Lopez ní òun kò lọ́wọ́ sí i, òun kàn wà níbẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó bi í. Òfin Ohio ìgbà náà gba ọ̀gá láyè láti lé ọmọ fún ọjọ́ 10, bó bá ṣáà ti fi tó òbí létí láàárín wákàtí 24.

Ní January 1975, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá Lopez àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láre: adájọ́ 5 borí 4. Wọ́n ní: sọ ẹ̀sùn fún ọmọ, lẹ́nu tàbí lórí ìwé; bó bá sẹ́, fi ẹ̀rí hàn án; kí o sì jẹ́ kó rojọ́ tirẹ̀ kó tó kúrò. Bó bá léwu fáwọn ẹlòmíì, ó lè kọ́kọ́ lọ, kí ìgbẹ́jọ́ tẹ̀ lé e kíákíá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Kò pọn dandan kí lọ́yà wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 10 sísàlẹ̀.

Níbi aṣọ, ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìwọ̀n. Òfin tó ní kí síkẹ́ẹ̀tì kọjá orí ìka ọwọ́ bí ọmọ bá na apá sísàlẹ̀ ń fìyà jẹ ọmọ tí apá rẹ̀ gùn: síkẹ́ẹ̀tì kan náà á gba ẹnìkejì rẹ̀ là. Tíṣà tó bá gbọ́ tẹnu ọmọ á rí èyí; ẹni tó kàn nawọ́ sí géètì kò ní rí i. Nítorí irun, California fi kún òfin ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 2019 pé kí ilé-ìwé má fìyà jẹ ọmọ nítorí irun dídì, lílọ́ tàbí dàda.