«Kí ni wọ́n fẹ́ rí lọ́wọ́ mi?»

Ẹ bá ìyá tó ń ta gààrí lọ́jà Kétu sọ̀rọ̀ nípa àwọn gaïman, àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, èsì tí ẹ máa gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: «Kí ni wọ́n fẹ́ rí lọ́wọ́ mi? Olówó ni wọ́n ń wá.» Ẹ dé Wàndó ní Àjàṣẹ́, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ á sọ bẹ́ẹ̀ náà, á tún fi ẹ̀rín sí i. Lóòótọ́, kò sí owó ńlá nínú fóònù wọn. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé wọ́n rò pé owó tiwọn ni olè ń wá kiri.

Àwọn tó fọkàn tán wọn ló ń wá. Ìyá elégààrí yẹn wà nínú àjọ, ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ilé, ó wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù tàbí ti ìjọ, ó ní àbúrò ní Kútọnu, ó ní ọmọ l'Ékòó. Bí WhatsApp rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, gbogbo wọn lolè ráyè bá sọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ ló sì máa fi bá wọn sọ ọ́. «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi 25 000 sẹ́fà sí nọ́ńbà yìí, mà á dá a padà kílẹ̀ tó ṣú.» Ta ló fẹ́ sọ pé rárá fún ẹni tó ti ń gba àjọ láti ọjọ́ yìí tí kò jẹ owó ẹnikẹ́ni? Lójú tèmi, tálákà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbà gbọ́ wúlò fún olè ju olówó tí gbogbo ìlú ń fura sí.

Kò sí idán nínú bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí WhatsApp yín lórí fóònù tirẹ̀ á tẹ nọ́ńbà yín sí i, WhatsApp á sì fi kóòdù oníhóró 6 ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Láìsí kóòdù yẹn, kò lè wọlé, àfi kó tọrọ rẹ̀. Ó lè pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ fóònù tó fẹ́ bá yín fi 01 síwájú nọ́ńbà (láti 30 Oṣù Kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà wa ní Benin ti di oníhóró 10, kò yẹ kẹ́nikẹ́ni máa bi yín ní kóòdù nítorí ìyẹn). Ó sì lè wá bí ẹ̀gbọ́n yín: «Àbúrò mi, kóòdù mi ṣèèṣì wá sọ́dọ̀ rẹ, bá mi fi ránṣẹ́ padà.» Èyí ló burú jù, torí orí nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n yín gan-an ló ti wá. Wọ́n ti kọ́kọ́ gba tirẹ̀.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ará Kétu. Yàrà yí ìlú ká, Àkàbà Ìdènà wà lẹ́nu bodè, síbẹ̀ Dàhọ̀mì kó ìlú ní 1886. Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, ìgbà tí ebi ti mú ìlú ni ọ̀tá ní kí àwọn ìjòyè jáde wá bá àwọn sọ̀rọ̀ àlàáfíà, wọ́n sì dè wọ́n. Àwọn ìjòyè fúnra wọn ló jáde, bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fi kóòdù ránṣẹ́.

Olè ò ní rí ọ̀rọ̀ tí ẹ ti bá èèyàn sọ sẹ́yìn, orí fóònù yín nìyẹn wà. Àmọ́ ẹgbẹ́ tí ẹ wà nínú rẹ̀ á hàn sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn tó wà níbẹ̀. Ìyẹn tó o.

Nítorí náà, ẹ lọ sí «Paramètres», kí ẹ tẹ «Compte», lẹ́yìn náà «Vérification en deux étapes», kí ẹ yan nọ́ńbà àṣírí oníhóró 6. Kó má jẹ́ ọjọ́ ìbí yín, kó má sì jọ ti MoMo, àpò owó orí fóònù yín. Olè tó bá rí kóòdù gbà, ìyẹn ṣì máa dènà rẹ̀. Ẹ tún wo «Appareils connectés»: bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí ẹ ò mọ̀ níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kíá. Ẹni tí ẹ yá ní fóònù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lè ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ẹni tó bá tọrọ owó, ẹ pè é ní ìpè lásán, kì í ṣe lórí WhatsApp. Ẹ kí i dáadáa, ẹ béèrè ọmọ, ẹ béèrè ọjà, kí ẹ tó dórí owó. Olè kì í ní sùúrù fún ìkíni wa.

Ti MoMo ò le: bí ẹnì kan bá ní òun ṣèèṣì fowó ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ dá a padà, ẹ má wo àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀, iye tó wà nínú àpò MoMo yín ni kí ẹ wò.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ tún nọ́ńbà yín tẹ̀ sí WhatsApp. Kóòdù tuntun á wá, bí ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́ sí i, olè á jáde. Bó bá ti fi nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀ sí i, ẹ lè dúró fún ọjọ́ 7 kí ẹ tó wọlé, àmọ́ òun náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ pe àwọn ará àjọ. Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ nítorí ìtìjú, ẹ gbé e lọ sí kọmísáríà. Code du numérique, òfin tó de ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì àti fóònù, ti wà láti 2018, ilé ẹjọ́ CRIET tó wà ní Àjàṣẹ́ níbí sì ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fowó sí ni ìwádìí máa kọ́kọ́ tọ̀, torí orúkọ ẹnì kan wà lórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ìyá elégààrí wa yìí náà, bó bá ti fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ gba síìmù fún ọmọkùnrin kan tó fún un ní 1 000 sẹ́fà.