Ablation ọkàn: lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá padà délé ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra jù

Bí dókítà bá ti kọ ablation, ìyẹn pípa ojú ibi tó ń mú kí ọkàn ṣàdédé sáré, sórí ìwé, ohun tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí ní Àjàṣẹ́ níbí ni pé, “Ṣé wọ́n á la àyà mi ni?” Rárá o. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn ni wọ́n ń gbà wọlé. Wọ́n á ti wáyà tín-ín-rín gba inú rẹ̀ dé ọkàn, wọ́n á sì máa wò ó lójú ẹ̀rọ. Ojú abẹ́rẹ́ nìkan ló máa kù lára yín.

Ọkàn tó ń ṣe dáadáa, ibì kan ṣoṣo ló ń pàṣẹ fún un, lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ìyáàlù ṣe ń darí àwọn ìlù tó kù. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ó máa ń lù ní ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ibòmíràn bá wá fẹ́ pàṣẹ tiẹ̀, tàbí tí ọ̀nà kan tó lé bá wà nínú ọkàn látìgbà ìbí, ó lè ṣàdédé sáré dé 150, 180, kó tiẹ̀ ju 200 lọ. Wọ́n á wá ojú ibi tó ń dá rúkèrúdò yẹn sílẹ̀ rí, wọ́n á sì fi ooru tàbí òtútù pa á. Tó bá jẹ́ FA (fibrillation atriale, ìyẹn kí yàrá òkè ọkàn máa gbọ̀n, kí ìlù ọkàn má sì létò) ni wọ́n kọ sórí ìwé yín, ẹnu àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n sábà máa ń jó yí ká. Dókítà ọkàn Michel Haïssaguerre àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux, nílẹ̀ Faransé, ló fi hàn lọ́dún 1998 pé ibẹ̀ ni ìyẹn sábà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ò ní jẹun kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ ka gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò fún dókítà, àgbo náà wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń lajú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ọkàn yín sáré, kí wọ́n lè rí ibi tó ti ń wá. Kì í dùn mọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ má pariwo pé ẹ ti ń kú lọ. Ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n rí yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ó dùbúlẹ̀ gbalaja fún wákàtí díẹ̀, ẹ ò sì ní ká ẹsẹ̀ yẹn kò.

Nílé, ẹ fi ẹrù wíwúwo sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má sì gun zémìjàn (ọ̀kadà). Bí ibi tí wọ́n gún bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, kí wọ́n sì gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọkàn ṣì lè máa sáré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ò sọ pé iṣẹ́ bàjẹ́. Lẹ́yìn ablation FA, ó kéré tán, ẹ máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún oṣù méjì, bí ara tiẹ̀ yá. Owó rẹ̀ máa ń dun èèyàn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ ló ń dènà.

Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù ni ibà. Ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà kọjá gba ẹ̀yìn ọkàn gan-an. Bí wọ́n bá jó ibẹ̀ fún FA, ihò lè lu láàárín méjèèjì. Kò tó ẹnì kan nínú 1,000 tó máa ń ṣe, àmọ́ ó ń pani. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní sí ìkẹjọ ló máa ń jáde, nígbà tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé: ibà, àyà dídùn, oúnjẹ tí kò ṣeé gbé mì, apá tó rọ lójijì. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, àní níbí gan-an, gbogbo wa la máa ní “palu” ni, ìyẹn ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Ẹ ṣàyẹ̀wò palu o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan náà, ẹ pe àwọn tó ṣe ablation yín. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ablation yín sọ́wọ́ ọmọ yín kan, kó lè fi han ẹnikẹ́ni tó bá gbà yín sílé ìwòsàn. Bí dókítà kan bá fẹ́ ti ẹ̀rọ bọ ọ̀fun yín láti wò ó, ẹ sọ fún un pé wọ́n ṣe ablation fún yín. Scanner, ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara láti ìta, ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe.