Ta ló ní ayò ọ̀pẹ̀ méjì kò lẹ́kọ̀ọ́ nínú?

Àwọn tó ń kọ́ chess fẹ́ràn láti máa sọ pé ayò àwọn ọ̀gá nìkan ló yẹ kéèyàn máa tún ta wò, pé àṣìṣe lásán ló kún ti ọ̀pẹ̀ méjì. Àṣìṣe kún ibẹ̀ lóòótọ́. Òun gan-an là ń wá. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ṣé òǹwòran máa ń dákẹ́ bí ọ̀pẹ̀ bá ṣì í ta? Ibẹ̀ lọmọdé ti ń gbọ́n.

Ẹ wo èyí. Funfun ti ọmọ ogun sí e4 (lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ojú ilé lórí ọpọ́n), dúdú ti tiẹ̀ sí e5. Funfun sáré gbé ayaba sí h5, dúdú fi ẹṣin sí c6 kó lè gbèjà ọmọ ogun rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù funfun bọ́ sí c4. Dúdú ní kóun fi ẹṣin kejì lé ayaba, ó gbé e sí f6. Ayaba jẹ ọmọ ogun tó wà ní f7, bíṣọ́ọ̀bù ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn, ọba kú. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré! Ká ní ó ti ọmọ ogun sí g6 ni, ayaba ni ì bá sá. Ekukáká lẹ máa fi rí irú èyí nínú ayò àwọn ọ̀gá, torí wọn kì í jẹ́ kó débẹ̀. (Hikaru Nakamura, ọ̀gá ará Amẹ́ríkà, gbé ayaba sí h5 bẹ́ẹ̀ fún Sasikiran, ọ̀gá ará Íńdíà, lọ́dún 2005, wọ́n nà án.) Ọ̀gá sì máa ń gbà pé òun ti kú kí wọ́n tó pa ọba rẹ̀, ọ̀pẹ̀ tó ń wò ó ò ní mọ bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀.

Àwọn kan á ní kọ̀ǹpútà ti tó. Stockfish, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta chess, á tọ́ka sí ìṣísẹ̀ burúkú fún yín, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tẹ́ ẹ ń rò nígbà tẹ́ ẹ ṣe é.

Mo pàdánù ayò kan rí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń sọ pé ìparí ni mo bà jẹ́. Nígbà tí mo tún un ta láìtan kọ̀ǹpútà, ẹṣin ọ̀rẹ́ mi rèé ní b5, tipẹ́tipẹ́. Mo rí i lọ́jọ́ náà o! Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mò ń lé kiri, mi ò bi ara mi pé kí lẹṣin wá ṣe níbẹ̀. Ó fò sí c7, ó dojú kọ ọba mi ní e8 àti ilé ìṣọ́ mi ní a8 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọba sá, ilé ìṣọ́ lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo ohun tí mò ń pè ní ìparí burúkú.

Látọjọ́ náà, tí ẹṣin bá ti wọ b5, màá kọ́kọ́ káwọ́ kúrò lórí ọpọ́n ná.