Kernel tó ń ṣiṣẹ́ bí ètò lásán: bí a ṣe ń yan ohun tó máa wà nínú User Mode Linux

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Linux dénúdénú yóò dé ibi kan tí ìwé kíkà nìkan kò ní gbé e kọjá. Ó ní láti kọ́ kernel tirẹ̀ jọ láti inú kóòdù, kó tàn án, kó bà á jẹ́, kó sì tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Adó-Èkìtì àti ní Ọyẹ́ ló ń bẹ̀rù ibẹ̀ yẹn, ẹ̀rù wọn kò sì ṣàìtọ́. Laptop kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́, tòkunbọ̀ ni, iṣẹ́ àṣejáde ọdún tó gbẹ̀yìn wà nínú rẹ̀. Bí kernel tuntun bá kọ̀ tí laptop ò tàn mọ́, níbo ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ? User Mode Linux, tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní UML, ni mo máa ń ní kí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ mú lọ́wọ́.

Kernel ló wà láàárín àwọn ètò tí à ń lò àti irin kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Òun ló ń pín mẹ́mórì, òun ló ń sọ ètò tó kàn láti lo prósẹ́sọ̀, òun ló ń kọ nǹkan sórí dísìkì tó sì ń kà á jáde. Àwọn ètò yòókù, ìbáà ṣe Firefox tàbí èyí tí a fi ń kọ lẹ́tà, kò láṣẹ láti fọwọ́ kan irin náà. User space ni wọ́n ń pe àyè tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ohunkóhun tí wọ́n bá sì ń fẹ́, ọ̀dọ̀ kernel ni wọ́n ti ń tọrọ rẹ̀ nípasẹ̀ system call. Onílé ni kernel, ayálégbé ni àwọn ètò. UML wá mú odidi onílé kan, ó sọ ọ́ di ayálégbé nínú ilé ẹlòmíràn: ó ṣì ní àwọn tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀, tó ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n òun náà ń tọrọ omi àti iná lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé gan-an.

Jeff Dike ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 1999, wọ́n sì gbà á wọlé sínú orísun Linux fúnra rẹ̀ ní 2002. Kì í ṣe Linux kékeré kan tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ilé ìwé o. Kóòdù kan náà ni: ẹ̀ka tó ń pín àkókò prósẹ́sọ̀, ẹ̀ka fáìlì, ẹ̀ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sí èyí tí wọ́n fi ayédèrú rọ́pò. Ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan ló ti yàtọ̀, níbi tí kernel ti máa ń bá irin sọ̀rọ̀. Níbẹ̀, kernel tó gbà á lálejò ni UML ń bá sọ̀rọ̀. Dísìkì rẹ̀, fáìlì lásán ni. Mẹ́mórì rẹ̀, ìwọ̀n tí ẹ bá ní kó gbà ni. Bí ó bá dákú, ètò kan ṣoṣo ló kú, laptop ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò béèrè àṣẹ root (àṣẹ ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà), kò sì béèrè agbára virtualization, èyí tó ń jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ gbé kọ̀ǹpútà mìíràn sínú, tí wọ́n máa ń pa nínú BIOS (ètò tó ń tan laptop) àwọn laptop tòkunbọ̀ mìíràn.

Yíyàn ló kù, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí. Linux kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan ló ṣeé fi sí i tàbí yọ kúrò, a sì gbọ́dọ̀ dáhùn lórí wọn kí compile, ìyẹn sísọ kóòdù di ètò tó lè ṣiṣẹ́, tó bẹ̀rẹ̀. Fáìlì kan tó ń jẹ́ .config ni ìdáhùn náà ń wọ̀.

Bí ẹ bá ti gba kóòdù Linux sílẹ̀ (ó ju 100 MB lọ pẹ̀lú bí wọ́n ṣe fún un pọ̀ tó, nítorí náà ẹ wá ibi tí dátà ti dẹ̀, tàbí kí ẹ lo git clone --depth 1 kó má baà kó gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà wá), tí àwọn irinṣẹ́ ìkọ́lé gcc, make, flex, bison àti libncurses-dev sì wà lórí laptop yín, àṣẹ mẹ́ta ni:

make ARCH=um defconfig
make ARCH=um menuconfig
make ARCH=um

Èkíní ń kọ .config tí àwọn tó ń tọ́jú UML gbà pé ó bójú mu. Èkejì ń ṣí ojú ewé aláwọ̀ búlúù tí ẹ ó ti máa yan nǹkan. Ẹ̀kẹta ló ń kọ́ kernel náà, yóò sì fi fáìlì kan tó ń jẹ́ linux síbẹ̀, tí ẹ lè pè bí ẹ ṣe ń pe ètò èyíkéyìí.

Ẹ wo ARCH=um yẹn dáadáa. Lójú Linux, UML kì í ṣe ètò tó ń gun x86, irú prósẹ́sọ̀ tó wà nínú ọ̀pọ̀ laptop. Um fúnra rẹ̀ ni irú ẹ̀rọ tí à ń kọ́ kernel fún, bí x86 tàbí ARM ṣe jẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ dírífà (kóòdù tí kernel fi ń bá irin kan sọ̀rọ̀) fún irin gidi kò fi ní yọjú nínú menuconfig. Bí ẹ bá gbàgbé láti kọ ọ́ nínú àṣẹ kan péré, make á gbà pé laptop yín gan-an lẹ ń kọ́ kernel fún, á sì tún .config yín kọ lọ́nà yẹn. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn ọmọ ni pé kí wọ́n ya àpò kan sọ́tọ̀ fún UML pẹ̀lú O=../uml nínú àṣẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí kóòdù wà lọ́tọ̀, kí ohun tí a kọ́ náà wà lọ́tọ̀.

Nínú .config, y túmọ̀ sí pé nǹkan náà á wà nínú ikùn kernel. M túmọ̀ sí pé á wà lẹ́yìn òde bíi module, tí kernel á máa lọ gbé nígbà tó bá nílò rẹ̀. Èyí tí a kò bá fẹ́, ẹ ó rí i báyìí:

# CONFIG_HOSTFS is not set

Àmì # yẹn máa ń tan èèyàn. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀rọ kì í kà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ń kà á: “rárá” gan-an ni. Bí ẹ bá pa ìlà náà rẹ́, ẹ kò tíì dáhùn nìyẹn, make á sì tún bi yín. Àwọn nǹkan yìí tún so mọ́ra wọn. Òmíràn kò ní fojú hàn àyàfi tí òmíràn bá ti wà, òmíràn sì ń fa ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wọlé láìbéèrè. Ẹ tẹ / láti wá orúkọ, kí ẹ tẹ ? láti ka àlàyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á. Èmi ò fara mọ́ kí èèyàn kàn da .config ẹlòmíràn sínú tirẹ̀ láìkà á; kernel á tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wọ orí.

CONFIG_BLK_DEV_UBD ló ń jẹ́ kí UML lo fáìlì bíi dísìkì, ẹ má yọ ọ́. CONFIG_HOSTFS ń jẹ́ kí ẹ rí àpò tó wà lórí laptop yín láti inú UML, ó sì wúlò púpọ̀. Ẹ kàn rántí pé ohunkóhun tí ẹ̀yin fúnra yín bá lè kà tàbí pa rẹ́, ẹni tó wà nínú UML náà lè fi hostfs ṣe é. CONFIG_MCONSOLE ń jẹ́ kí ẹ máa pàṣẹ fún un láti ìta. Bí ẹ bá fẹ́ fi gdb, ètò tí a fi ń wá àṣìṣe, tẹ̀ lé kóòdù rẹ̀, ẹ fi debug info sí i, kí ẹ sì sọ fún gdb pé kó má dúró nítorí SIGSEGV, àmì àṣìṣe mẹ́mórì, torí pé òun ni UML fi ń mọ ìgbà tí ètò inú rẹ̀ bá fọwọ́ kan mẹ́mórì tí kò tíì sí níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé lọ́nà Ìwòròkò gbé laptop rẹ̀ wá. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó kọ́ tán láìsí wàhálà, àmọ́ kò tàn.” Ohun tó wà lójú terminal ni Kernel panic, lẹ́yìn náà VFS: Unable to mount root fs, ìyẹn ni pé kernel kò rí dísìkì rẹ̀ ṣí. Mo ní kó wá ext4, ọ̀nà kan tí Linux fi ń to fáìlì sórí dísìkì, nínú .config. CONFIG_EXT4_FS=m ló wà níbẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn. “Module kúkú ni, ṣé kò ní lọ gbé e fúnra rẹ̀ ni?” Mo bi í pé níbo ni module náà wà. Ó ní inú root_fs ni, fáìlì tí UML ń lò bíi dísìkì. Irú dísìkì wo wá ni root_fs? Ext4 ni. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi ń rẹ́rìn-ín: kernel nílò ext4 kó tó lè ṣí dísìkì, ext4 sì wà nínú dísìkì tí kò tíì ṣí. Ó sọ m di y, ó tún make ṣe, ó sì tàn. Bákan náà ló rí lórí irin gidi fún kernel tí kò bá ní initramfs, àpò fáìlì kékeré tó ń wọ mẹ́mórì kí dísìkì tó ṣí.

Láti tàn án, ẹ wọ inú àpò tí fáìlì linux wà, tí root_fs sì wà níbẹ̀:

./linux mem=256M ubd0=root_fs root=/dev/ubda

Bí ẹ bá pọ̀ tí ẹ ń kọ́ ọ pọ̀, root_fs kan tó fún yín. Ẹ kọ ubd0=temi.cow,root_fs, UML á sì máa kọ àyípadà tí oníkálukú bá ṣe sínú fáìlì cow tirẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan root_fs, torí bó bá yí padà, àwọn cow yẹn bàjẹ́ nìyẹn.

UML kò lè kọ́ yín ní dírífà Wi-Fi tàbí ti káàdì àwòrán, nítorí kò sí irin lábẹ́ rẹ̀, ètò tó bá sì ń lo system call púpọ̀ á falẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ Linux gan-an kò fojú kéré rẹ̀: KUnit, tí wọ́n fi ń dán àwọn ẹ̀ka kernel wò, UML ló máa ń lò bí ẹ kò bá yan nǹkan mìíràn fún un. Ẹ wọ inú àpò kóòdù, kí ẹ tẹ ./tools/testing/kunit/kunit.py run, ẹ ó rí i.

Nígbà tí yíyàn yín bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tẹ make ARCH=um savedefconfig pẹ̀lú O= yín. Yóò kọ fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ defconfig, ìwọ̀nba ibi tí ẹ ti yàtọ̀ sí ohun tí Linux á yàn fúnra rẹ̀ ló máa wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí i kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà tí ẹ kò bá lè sọ ìdí rẹ̀, ẹ padà sí menuconfig lọ wá a.