Michelle Rhee àti àríyànjiyàn lórí àtúnṣe ilé-ìwé ìjọba ní Washington, D.C.

Michelle Rhee (tí wọ́n bí ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969) jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ọ̀gá àgbà àwọn ilé-ìwé ìjọba ìlú Washington, D.C. láti oṣù Kẹfà ọdún 2007 títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2010. Ọdún mẹ́ta lé díẹ̀ péré ló lò nípò náà, àmọ́ awuyewuye tó dá sílẹ̀ lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa díwọ̀n iṣẹ́ olùkọ́, kí wọ́n máa san owó fún wọn, kí wọ́n sì máa lé wọn, kò tíì tán nílẹ̀.

Ann Arbor ní ìpínlẹ̀ Michigan ni wọ́n bí i sí. Kòríà Gúúsù ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Ohio ló sì dàgbà sí. Lẹ́yìn tó gboyè ní Yunifásítì Cornell lọ́dún 1992, ó fi ọdún mẹ́ta kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Baltimore lábẹ́ Teach For America, ètò tó ń rán àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè lọ kọ́ni ní àwọn ilé-ìwé àdúgbò tálákà. Ní 1997 ó dá New Teacher Project sílẹ̀, àjọ tó ń bá àwọn ìlú ńlá wá olùkọ́. Kò tíì ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kan ṣoṣo rí, ká má tíì sọ ti odidi ìlú, nígbà tí Adrian Fenty tó jẹ́ olórí ìlú fà á kalẹ̀.

Òfin ló la ọ̀nà fún un. Lọ́dún 2007 ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú gba agbára lórí ilé-ìwé kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, wọ́n kó o lé olórí ìlú lọ́wọ́. Fenty nìkan ni Rhee ń jábọ̀ fún. Lọ́dún 2008 ó ti ilé-ìwé 23 pa torí pé akẹ́kọ̀ọ́ inú wọn ti dín kù púpọ̀, ó sì yọ ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé nípò, títí kan ti ilé-ìwé tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ń lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ìwé ìròyìn Time gbé àwòrán rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́: ó dúró nínú kíláàsì, ó mú ìgbálẹ̀ dání. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ rí ẹni tó fẹ́ gbá ilé tó dọ̀tí mọ́; àwọn olùkọ́ ní tiwọn rò ó pé ta wá ni wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, olùkọ́ tó lé ní 200 gba ìwé gbélé-ẹ. Rhee ní owó ìṣúná ló dín kù, ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti gba olùkọ́ tuntun tó lé ní 900 síṣẹ́. Ọdún ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ni IMPACT, ètò tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ olùkọ́, bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wọ kíláàsì olùkọ́ lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún láti wo bó ṣe ń kọ́ni. Ní ti àwọn tó ń kọ́ ìwé kíkà àti ìṣirò láti kíláàsì kẹrin dé ìkẹjọ, ìdajì máàkì wọn wá láti inú bí èsì ìdánwò àwọn ọmọ wọn ṣe gòkè sí. Ní oṣù Keje ọdún 2010 olùkọ́ 241 pàdánù iṣẹ́, 165 nínú wọn torí máàkì IMPACT. Wọ́n tún kìlọ̀ fún àwọn 737 mìíràn pé ọdún kan ni wọ́n ní láti tún ọwọ́ ṣe. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni àdéhùn tuntun pẹ̀lú ẹgbẹ́ olùkọ́: àfikún owó oṣù ìdá 21.6 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún márùn-ún, àti àjẹmọ́nú fún ẹni tó ta yọ. Mílíọ̀nù dọ́là 64.5 nínú owó náà wá láti ọwọ́ àwọn àjọ aládàáni, ohun tó mú kí àwọn alátakò máa béèrè ẹni tó ń darí ilé-ìwé ìjọba gan-an.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010 Vincent Gray fẹ̀yìn Fenty gbálẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat fún ipò olórí ìlú. Àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ni Fenty ti pàdánù jù. Láti ìran dé ìran, iṣẹ́ olùkọ́ wà lára iṣẹ́ tó ń fi àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú ìlú náà lọ́kàn balẹ̀, nítorí náà ẹni tí wọ́n lé kì í ṣe àjèjì sí àwọn olùdìbò. Lóṣù tó tẹ̀lé e ni Rhee kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Igbákejì rẹ̀, Kaya Henderson, ló gbapò.

Níbi èsì ìdánwò ni àríyànjiyàn ti le jù. Nínú ìdánwò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní NAEP, àmì ìṣirò kíláàsì kẹrin ní D.C. kúrò ní 214 lọ́dún 2007, ó dé 219 lọ́dún 2009. Ṣùgbọ́n 205 ló wà lọ́dún 2003, kí Rhee tó dé rárá. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti 2007 yóò rí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá padà sẹ́yìn yóò rí òkè tí àwọn ará ìlú ti ń gùn bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdánwò tí ìlú fúnra rẹ̀ ń ṣe tún fa wàhálà ọ̀tọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011 ìwé ìròyìn USA Today fi hàn pé ìdáhùn tí wọ́n pa rẹ́ tí wọ́n sì fi èyí tó tọ̀nà rọ́pò pọ̀ kọjá ààlà ní àwọn ilé-ìwé kan, pàápàá ilé-ìwé Noyes. Ọ̀gá olùyẹ̀wò ìlú ní òun kò rí ẹ̀rí màgòmágó tó tàn káàkiri, àmọ́ Noyes nìkan ló yẹ̀ wò kínníkínní.

Àwọn onímọ̀ méjì, Thomas Dee àti James Wyckoff, gbé ìwádìí jáde lọ́dún 2013 tó fi hàn pé IMPACT mú kí àwọn olùkọ́ tí máàkì wọn kéré máa fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra wọn, ó sì mú kí àwọn tó dúró tún ọwọ́ ṣe. Ìgbìmọ̀ ìwádìí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà (National Research Council), nínú ìjábọ̀ ọdún 2015, gbà pé èsì ń gòkè, síbẹ̀ ó ní àlàfo láàárín ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, láàárín funfun àti dúdú, ṣì fẹ̀.

Henderson dín ipa èsì ìdánwò nínú IMPACT kù láti ìdá 50 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin ọdún 2007 ní tirẹ̀ wà níbẹ̀: Gray tó lé Fenty kúrò kò dá agbára náà padà fún ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, Muriel Bowser tó tẹ̀lé e náà kò dá a padà.