Alásè nílé tàbí ní ọ́fíìsì: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè: A bá alásè kan ní Ẹ̀pẹ́ dúnàádúrà pé kí ó máa wá sè fún wa nílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn tí a fẹnu kò lórí owó, ó tún ń béèrè owó ọjà. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ gbowó lẹ́ẹ̀mejì?

Ìdáhùn: Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ fẹnu kò lé lórí, owó ọjà sì wà lọ́tọ̀. Ohun tí ó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé wọ́n ń fi alásè ilé wé olóúnjẹ tí ó ń bù tà, ẹni tí ó ti ṣírò ata, epo àti èrè rẹ̀ mọ́ iye tí ó ń ta abọ́ kan. Iye ẹja ní ọjà Olúwo kì í dúró sójú kan. Bí ẹ bá ní dandan ni kí ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀, yálà kí ó bu owó lé e kí ó má baà jẹ gbèsè, tàbí kí ẹ máa wá ẹja tì nínú ìkọ́kọrẹ́. Ní tèmi, ó sàn kí ilé ra ọjà fúnra rẹ̀, àfi bí kò bá sí ẹni tí ó mọ ewùrà yàn. Ẹ tún fẹnu kò lórí gáàsì àti ẹni tí yóò fọ ìkòkò, nítorí ibẹ̀ ni ìjà sábà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ́fíìsì wa kò ní ilé ìdáná. Alásè ń sè nílé rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, a sì ń jẹun ní aago kan. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ó dọwọ́ kúlà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má fi oúnjẹ sísè sílẹ̀ lásán ju wákàtí 2 lọ, kí èyí tí a ó jẹ ní gbígbóná má sì tutù ju 60°C lọ. Ẹ má gbára lé gbígbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì: kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán, oró tí ó bá sì tu sínú rẹ̀ kì í bá iná lọ.

Ìbéèrè: Ara alásè wa le koko. Kí ló dé tí a fi ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù?

Ìdáhùn: Nítorí pé ara líle kò ní kí kòkòrò táífọ́ọ̀dù má wà nínú ẹni. Nínú àwọn tí àìsàn náà ti ṣe rí, àwọn díẹ̀ wà tí kòkòrò rẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí àpò òróòro wọn, tí ó ń bá ìgbẹ́ jáde, tí ó sì ń ti ọwọ́ tí wọn kò fọ̀ dáadáa bọ́ sínú oúnjẹ. Mary Mallon, alásè tí ó ti Ireland wá sí New York, kò ṣàìsàn, síbẹ̀ ilé tí ó bá ti sè ni ibà náà ti ń bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ ní 1907, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní 1910 lórí àdéhùn pé kò ní sè mọ́. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ tí ó bọ́ sí kò mówó wọlé bí ti ààrò, ni ó bá yí orúkọ padà, ó sì ń sè ní ilé ìwòsàn kan. Nígbà tí wọ́n mú un ní 1915, wọn kò dá a sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní 1938. Iná a máa pa kòkòrò yìí, nítorí náà saláàdì àti èso gígé ni kí ẹ ṣọ́ jù. Kì í sì í bá ìgbẹ́ jáde lójoojúmọ́, èyí ni àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò fi tó. Ẹ̀yin tí ẹ gba alásè ni kí ẹ san owó àyẹ̀wò náà, kí ẹ sì san owó ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò bá dá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fi ìgbẹ́ gbuuru wá sè fún yín.